Bí o ṣe lè dá iṣẹ́ fídíò yíyà sílẹ̀ fúnra rẹ ní Àbújá

Ọjà méjì ni oníṣẹ́ fídíò tó dá dúró ń ná ní Àbújá. Ọjà Sátidé ni àkọ́kọ́: ìdána, ìgbéyàwó, ìkómọjáde, ọjọ́ ìbí, ìsìnkú arúgbó, láti Kubwa títí dé Lugbe. Ọjà àárín ọ̀sẹ̀ ni ìkejì: àwọn àjọ aláàánú àti àjọ ìdàgbàsókè tó ní ọ́fíìsì káàkiri Maitama, Wuse 2 àti Utako, iléeṣẹ́ ìjọba, ilé ẹ̀kọ́, àti ìjọ tó ń fẹ́ fídíò ìpàdé tàbí ti iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lábúlé. Owó Sátidé máa ń tètè wọlé, ṣùgbọ́n ìdúnàádúrà rẹ̀ le. Owó àárín ọ̀sẹ̀ tóbi jù ú lọ, àmọ́ ó máa ń pẹ́ kó tó jáde, ó sì ń bèèrè ìwé.

Ọmọ Yorùbá tó ń bẹ̀rẹ̀, Sátidé ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Ó ti mọ bí ìnáwó wa ṣe ń lọ kó tó mọ orúkọ lẹ́ǹsì kankan, ìmọ̀ yẹn kò sì ṣeé rà ní ṣọ́ọ̀bù. Lọ bá ẹni tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà, bá a gbé iná àti tràípọ́ọ̀dù lọ sóde bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà, má sì bèèrè ju owó ọkọ̀ lọ. Ibẹ̀ ni wàá ti rí i pé iṣẹ́ yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ bàjẹ́ nítorí kámẹ́rà. Ohùn tí kò wọlé, fáìlì tó sọnù àti àdéhùn tí a fi ẹnu lásán ṣe ló ń bà á jẹ́.

Ohun tí o máa rà, àti èyí tó lè dúró

Bí fóònù ọwọ́ rẹ bá ń ya fídíò tó mọ́, máìkì ni kí o kọ́kọ́ rà, kì í ṣe kámẹ́rà. Lẹ́yìn máìkì, ra tràípọ́ọ̀dù tó wúwo díẹ̀, tí orí rẹ̀ ń yí láìfa gìrìgìrì. Kámẹ́rà ló tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ tó ń gbé kámẹ́rà dúró lọ́wọ́ tí gbogbo ọ̀dọ́ ń sáré rà lè dúró títí di ọdún kejì. Èèyàn tó mọ̀ ọ́n rìn jẹ́jẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀.

Kámẹ́rà tòkunbọ̀ tó. Sony a6400 àti Canon M50 wọ́pọ̀ lọ́jà, iṣẹ́ wọn sì mọ́. Ìyàtọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í bèèrè kí wọ́n tó sanwó: M50 máa ń dá fídíò dúró fúnra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 29 àti ìṣẹ́jú-àáyá 59, a6400 kò ní ààlà bẹ́ẹ̀. Bí o bá máa ya ìwàásù tàbí ìpàdé oníwákàtí méjì, ọ̀rọ̀ gidi lèyí jẹ́.

Bóyá Banex Plaza ní Wuse 2 lo ti fẹ́ rà á ni o, bóyá ọwọ́ ọ̀rẹ́ ni, má fi ojú lásán wò ó. Ki káàdì rẹ bọ̀ ọ́, jẹ́ kó ya fídíò fún odidi wákàtí kan níwájú ẹni tó ń tà á. Bó bá dá dúró ní ìṣẹ́jú 29, tẹ̀ ẹ́ padà. Èyí tó bá gbóná kú nínú ṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, ó dájú pé yóò kú lábẹ́ kánópì ní oṣù kẹta. Ya fọ́tò ògiri funfun ní f/16 (ihò lẹ́ǹsì tó kéré), kí o fẹ̀ ẹ́ tóbi: àmì dúdú róbótó tó bá wà níbẹ̀, eruku tàbí ẹ̀gbin lójú sẹ́ńsọ̀, ojú tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà, ni. Mi ojú ihò HDMI àti ti máìkì bóyá wọ́n ti ń yẹ̀. Rí i pé nọ́ńbà tó wà lábẹ́ kámẹ́rà bá èyí tó wà lórí ríìsíìtì mu, kí ẹrù olè má bàa di tìrẹ.

Ra bátìrì mẹ́ta ó kéré tán, àti káàdì méjì tí a kọ V30 sí lára. Ìṣirò káàdì kò le. Bí kámẹ́rà bá ń kọ 100 mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 45 GB ni wákàtí kan máa gbà. Káàdì 64 GB kò ní ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 80 lọ. Ní 50 mẹ́gábíìtì, ìdajì àyè yẹn ni wákàtí kan máa gbà. Fún òde oníwákàtí mẹ́fà ní ìwọ̀n 50 yìí, gbé 256 GB dání, kí o sì pín in sórí káàdì méjì, kí ìyà kan má bàa kó gbogbo ọjọ́ lọ.

Ohùn

Ojú ènìyàn máa ń fara da àwòrán tó ṣókùnkùn díẹ̀. Etí kì í fara da ohùn tó ń fọ́. Máìkì aláìní-wáyà kan, àti ẹ̀rọ kékeré tó ń gba ohùn sílẹ̀ lọ́tọ̀, ni ẹrù àkọ́kọ́ tó yẹ kó wà nínú àpò rẹ. Tò wọ́n sí 48 kHz, kí o sì jẹ́ kí ohùn tó ga jù lọ máa kan nǹkan bíi -12 dB. Bó bá ń kan òdo, ó ti fọ́, kò sì sí oògùn rẹ̀ nígbà tí o bá délé.

Máìkì kékeré tí a ń so mọ́ àyà, fi í sí ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan sí ìsàlẹ̀ àgbọ̀n. Ìlẹ̀kẹ̀ ni ọ̀tá rẹ̀. Bí ọkọ ìyàwó bá wọ iyùn, ohùn ìlẹ̀kẹ̀ tó ń kọlu máìkì yóò bo gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí náà so ó sókè ju ibi tí ìlẹ̀kẹ̀ dé lọ, tàbí sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn. Léèsì àti aṣọ òkè líle máa ń ha máìkì; fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ra kí aṣọ má bàa rìn lórí rẹ̀. Apá àgbádá tí ó ń ká sókè ní ìgbà gbogbo tún ń gbá a, torí náà má ṣe so ó sí ojú èjìká.

Lóde, ohùn alága àti ti olórin wà nínú mísà dí-jè, ẹ̀rọ tó fi ń da ohùn pọ̀. Lọ bá a kí òde tó bẹ̀rẹ̀, kí i dáadáa, béèrè ihò tó ń gbé ohùn jáde, kí o sì so ẹ̀rọ rẹ mọ́ ọn. Tò ẹ̀rọ náà sí line, kì í ṣe mic, torí ohùn tó ń ti mísà wá lágbára ju ti máìkì lọ, yóò sì fọ́ bí o bá gbà á bíi ti máìkì. Ṣùgbọ́n má gbẹ́kẹ̀ lé e nìkan. Dí-jè lè sún bọ́tìnnì lójijì, iná lè lọ, bàbá ìyàwó sì lè gbàdúrà láìfi ẹnu kan máìkì rárá. Gbé máìkì kejì sí ibi tí àwọn òbí jókòó.

Iná, oòrùn, eruku

Iná mànàmáná wa ń yí ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nítorí náà, nínú ètò kámẹ́rà rẹ, PAL ni kí o yàn, kì í ṣe NTSC. Fíréèmù 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyára ojú kámẹ́rà (shutter) 1/50. Bí o bá fi í sí 30 àti 1/60 nítorí pé fídíò orí YouTube kan sọ bẹ́ẹ̀, àwọn iná gbọ̀ngàn yóò máa ṣẹ́jú, ìlà dúdú yóò sì máa rìn lójú àwòrán. Fún àwòrán tí o fẹ́ dẹ̀ lọ́wọ́, lo fíréèmù 50 àti 1/100. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í dúró sójú kan, nítorí náà wò ó dáadáa lójú ẹ̀rọ nígbàkígbà tí wọ́n bá yí iná padà.

Ìta gbangba lọ́sàn-án, ìmọ́lẹ̀ pọ̀ ju ohun tí 1/50 lè gbà. Gíláàsì ND, gíláàsì dúdú tí a ń fi bo ojú lẹ́ǹsì láti dín ìmọ́lẹ̀ kù, ni ojútùú. ND64 tó fún f/2.8 lábẹ́ oòrùn gangan. Ẹni tí kò ní i máa ń gbé ìyára lọ sí 1/1000, gbogbo ìrìn èèyàn á wá máa já kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

Àwọ̀ ara wa àti aṣọ wa ní ìjà láàárín ara wọn. Léèsì funfun yóò fẹ́ kí kámẹ́rà ṣókùnkùn, ojú dúdú yóò fẹ́ kó mọ́lẹ̀. Ojú ni kí o tẹ̀ lé. Fi ojú onítọ̀hún sí nǹkan bíi 45 sí 55 lórí ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ kámẹ́rà, lẹ́yìn náà tan àmì ìlà-ìlà (zebra) sí 100 láti rí i pé léèsì kò jó tán. Má fi àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ fún kámẹ́rà láti yàn: 5600 fún oòrùn, 3200 fún iná gílóòbù pupa rúsúrúsú, kí o sì yí i padà bí ẹ bá wọlé.

Láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, ọyẹ́ máa ń gbé eruku wọ inú ohun gbogbo. Má pààrọ̀ lẹ́ǹsì níta. Wọ inú ọkọ̀, pa kámẹ́rà, dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀, kí o sì yára. Rọ́bà tó ń fẹ́ atẹ́gùn ni kí o fi gbọn eruku. Afẹ́fẹ́ ẹnu ní itọ́. Ọyẹ́ náà ló ń mú kí Zuma Rock dà bí òjìji bí o bá yà á láti ojú ọ̀nà Kaduna. Bí oníbàárà bá fẹ́ àpáta náà tàbí Jabi Lake kó yọ kedere, lọ lásìkò òjò, ní ọjọ́ kejì òjò ńlá, kùtùkùtù.

Oṣù kẹta àti ìkẹrin ni ooru máa ń pa kámẹ́rà. Gbé agbòòrùn sórí rẹ̀, ṣí ojú ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ kúrò lára rẹ̀, kí o sì yí ìwọ̀n ooru tí yóò fi pa ara rẹ̀ sí High bó bá jẹ́ Sony.

Ọjọ́ ìdána

Èyí ni ìlú wa nínú iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí o lo agbára rẹ. Pe alága ìdúró àti alága ìjókòó ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí o béèrè ìtò tí wọn yóò tẹ̀ lé, torí ó ń yàtọ̀ láti ìdílé sí ìdílé. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹbí ìyàwó ti jókòó, ẹbí ọkọ á wọlé tijótijó, ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á tẹ̀ lé wọn, wọ́n á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á ka ìwé ìtọrọ, ìyàwó á wá wọlé pẹ̀lú ìbòjú, á kúnlẹ̀ fún àdúrà, á dé fìlà fún ọkọ, á sì mú Bíbélì tàbí Kùránì nínú ẹrù. Ohun mẹ́ta nínú rẹ̀ kò ní padà ṣẹlẹ̀: ìdọ̀bálẹ̀, ṣíṣí ìbòjú, dídé fìlà. Ṣe ètò ibi tí wàá dúró sí fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ẹnikẹ́ni tó dé.

Nígbà ìdọ̀bálẹ̀, má dúró sẹ́yìn àwọn ọkùnrin, ẹ̀yìn àti bàtà ni wàá rí. Kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ níwájú, lọ́dọ̀ ẹbí ìyàwó, kí kámẹ́rà wà ní ìwọ̀n ìbàdí tàbí kó wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Kámẹ́rà kejì wà lórí tràípọ́ọ̀dù ní gíga bíi mítà méjì, kó ya gbogbo gbọ̀ngàn láìdúró. Ìyẹn ni ìgbàlà rẹ nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n bá fi fóònù bo ojú rẹ. Bá oní-fọ́tò sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹ jùmọ̀ mọ ẹ̀gbẹ́ tí kálukú máa dúró sí. Ẹni tí kò bá oní-fọ́tò jọ gbà yóò lo ọjọ́ náà ní yíya àgbárí rẹ̀.

Ṣọ́ra pẹ̀lú owó níná. Òfin báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007, abala 21, fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán tàbí ìtanràn ₦50,000 ó kéré tán, tàbí méjèèjì, sí fífọ́n náírà àti jíjó lórí rẹ̀, EFCC sì ti ń fi fídíò orí íńtánẹ́ẹ̀tì mú èèyàn. Ya á fún ẹbí bí wọ́n bá fẹ́. Má gbé e sórí Instagram láti fi polówó ara rẹ. Àwòrán ọ̀fẹ́ kan lè sọ oníbàárà di ẹni tí wọ́n ń wá.

Ìgbéyàwó Hausa kò gba ọwọ́ yẹn. Ìdè ìgbéyàwó fúnra rẹ̀, ɗaurin aure, lè parí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ní mọ́sáláṣí, ọkùnrin nìkan ló máa ń wà níbẹ̀, ìyàwó kò sí. Ẹni tó bá dé ní àkókò tí wọ́n kọ sínú ìwé ìpè ti pẹ́. Ní ayẹyẹ obìnrin, ọ̀pọ̀ ilé kò fẹ́ ọkùnrin lẹ́yìn kámẹ́rà. Ní obìnrin oníṣẹ́ fídíò kan tí o mọ̀ tí o lè gbé iṣẹ́ fún.

Owó àti ìwé àdéhùn

Má wo ohun tí ẹlòmíràn ń gbà kí o tó mọ ohun tí iṣẹ́ kan ń ná ọ. Àpẹẹrẹ lásán nìyí: ẹrù rẹ jẹ́ ₦1,500,000, o sì fẹ́ kó ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́ta, òde 40 lọ́dún. ₦12,500 ni òde kọ̀ọ̀kan ń jẹ lára ẹrù. Ọkọ̀ ₦20,000, olùrànlọ́wọ́ ₦30,000, dátà àti iná ₦10,000, ọjọ́ yíyà ₦40,000, ọjọ́ mẹ́ta lórí kọ̀ǹpútà ₦60,000. Ó di ₦172,500 kí èrè tó dé. Ẹni tó gba ₦120,000 fún un ń san ìyókù lápò ara rẹ̀, kò kàn tíì mọ̀ ni.

Ìwé àdéhùn kò gbọ́dọ̀ ju ojú ewé kan lọ. Kọ ọjọ́, ibi, iye kámẹ́rà, ohun tí wọn yóò gbà àti bó ṣe gùn tó, ọ̀sẹ̀ tí wàá fi fi ránṣẹ́, àti àtúnṣe méjì péré. Wákàtí rẹ kà láti ìgbà tí o dé, kì í ṣe láti ìgbà tí òde bẹ̀rẹ̀: bí ìwé ìpè bá sọ pé aago mẹ́wàá, tí ọkọ sì wọlé ní aago kan, wákàtí mẹ́ta ti lọ. Fi iye tí wákàtí àfikún jẹ́ sí i. Gba ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún kí ọjọ́ tó pé, ìyókù kí o tó fi fídíò lé wọn lọ́wọ́. Kọ ọ́ pẹ̀lú pé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, o lè pa fáìlì rẹ̀ rẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ kí o fi orin olókìkí sí i, sọ fún wọn pé YouTube lè dá ohùn rẹ̀ mọ̀, kó sì dí fídíò náà tàbí kó gba owó ìpolówó rẹ̀ fún ẹni tó ni orin.

Ọjà àárín ọ̀sẹ̀

Forúkọ òwò rẹ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, gba nọ́ńbà owó orí (TIN), kí o sì ṣí àkáǹtì báńkì lórúkọ òwò náà. Láìsí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, akọ̀wé ìṣúná àjọ náà kò lè sanwó fún ọ kódà bó bá fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ. Wọn yóò yọ owó orí díẹ̀ nínú rẹ̀ kí wọ́n tó sanwó. Béèrè ìwé ẹ̀rí rẹ̀, torí o lè lò ó nígbà tí o bá ń san owó orí tìrẹ. Owó náà lè pẹ́ tó oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà gba owó ọkọ̀ àti ibùsùn sọ́wọ́ kí o tó lọ sí Nasarawa tàbí Niger.

Iṣẹ́ wọn jẹ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò nínú yàrá kékeré. Gbé onítọ̀hún kúrò lára ògiri ní mítà méjì, jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé wá láti ẹ̀gbẹ́, pa fáànù àti ẹ̀rọ amúlétutù títí ó fi parí. Ní kó tún ìbéèrè sọ nínú ìdáhùn rẹ̀, kí o lè yọ ohùn olùbéèrè kúrò. Lẹ́yìn náà ya ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́, ojú, ẹnu ọ̀nà, ọ̀nà abúlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá láìmi, torí wọ́n ni o máa fi bo ibi tí o bá gé ọ̀rọ̀. Ẹni kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda. Òbí ni yóò fọwọ́ sí i fún ọmọdé. Àwọn àjọ kò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyí láti ìgbà tí òfin ààbò dátà ti ọdún 2023 ti dé. Kọ́ gbólóhùn Hausa yìí sórí: “Don Allah, zan iya ɗaukar bidiyo?” (Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè ya fídíò?) Ó ń ṣí ilẹ̀kùn ní ọjà Wuse, ó sì ń ṣí i ní abúlé.

Má ya sójà, ọlọ́pàá, ibi àyẹ̀wò ojú ọ̀nà, agbègbè Aso Rock tàbí ilé aṣòfin láìní ìwé. Dúróònù, gbàgbé rẹ̀ ní Àbújá títí ìyọ̀ǹda NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfurufú, àti ti ọ́fíìsì agbaninímọ̀ràn ààbò ìjọba àpapọ̀ yóò fi wà lọ́wọ́ rẹ, kódà bí oníbàárà bá sọ pé òun mọ ọ̀gá kan.

Nígbà tí o bá délé

Má sùn kí fáìlì tó wà níbi méjì. Dà á sórí háàdì méjì, ṣí fídíò mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti rí i pé wọ́n ń ṣiṣẹ́, kí o sì gbé háàdì kejì sí ilé mìíràn bó bá ṣeé ṣe. Káàdì fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ padà sínú kámẹ́rà láti pa á rẹ́ títí oníbàárà yóò fi gba iṣẹ́. Láti gé fídíò lórí kọ̀ǹpútà, DaVinci Resolve ọ̀fẹ́ tó fún gbogbo ohun tí a sọ yìí. Kọ̀ǹpútà tí RAM rẹ̀ jẹ́ 16 GB yóò gbé e, bí 4K bá sì ń dẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀, jẹ́ kí Resolve ṣe ẹ̀dà kéékèèké tí wàá máa fi gé e, fáìlì gidi ni yóò lò nígbà tó bá ń yọ ọ́ jáde. Tan íńfátà tàbí jẹnẹrétọ̀ kí o tó tẹ bọ́tìnnì ìyọjáde, nítorí iná tó bá lọ ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ń dá ọ padà sí òdo.